ÌLÚ TÍ Ń BẸ LÁBẸ́ ÌLÚ
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ ẹgbẹ́ wa ní Ekosodin

 Àwọn àpò kan yóò fúyẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí yàrá ìkàwé tí a fẹ́ kọ́ fún àwọn ọmọ wa ni a ṣe pe ìkówójọ yìí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àwa ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwé. Ìwé kan ṣoṣo ni a mú wá. Neverwhere ni orúkọ rẹ̀. Neil Gaiman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní 1996, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe ìtàn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Mayhew, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bá ọmọbìnrin kan tí ó fara gbọgbẹ́ lẹ́bàá títì, ó sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀. Oore yìí ni ó kó bá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò dá a mọ̀ mọ́; awakọ̀ takisí kò rí i. Àní ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí alágbàtà ilé mú àwọn àyálégbé tuntun wọlé wá wo yàrá. (Ẹ̀yin tí ẹ ti gba yàrá rí ní Ekosodin, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí a ń wí.) Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe já sí Lọ́ńdọ̀nù ìsàlẹ̀, láàrin ihò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti ojú omi ẹ̀gbin, níbi tí àwọn tí ìlú òkè ti gbàgbé ń gbé. Wọ́n ní ọjà tiwọn, tí kì í dúró sójú kan. Orúkọ tí àwọn ará òkè ń pè láìrò ó, òótọ́ ni nísàlẹ̀: ní Earl's Court, ìjòyè kan ní ààfin níbẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ẹni tí ó bá mọ Fágúnwà yóò sọ pé èyí kò ṣàjèjì, nítorí láti 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ń mú wa lọ sí ayé mìíràn. Ṣùgbọ́n ọdẹ Fágúnwà ní láti fi ilé sílẹ̀ kí ó wọgbó. Ti Gaiman, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni ni ayé náà wà. Èyí ni ó mú wa ronú kan Bìní.

Láàrin 1961 sí 1964, Graham Connah wa ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìlú yìí. Ní ibì kan ó bá kànga tóóró kan tí ó jìn ju mítà 12 lọ. Egungun àwọn obìnrin tí kò dín ní 41 wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá. Nígbà tí a kà á, ara wa ṣe gìrì. Ìwé ìtàn kò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń gba orí ilẹ̀ kan náà kọjá lọ sọ́jà.

Yàrà inú ìlú ńkọ́? Ó yí Bìní ká ní nǹkan bí kìlómítà 11.6. Níbi tí Connah ti wọ̀n ọ́n, láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ kòtò lé ní mítà 17. Ilé alájà márùn-ún nìyẹn, katakata kò sì sí. Ìtàn ìlú so iṣẹ́ náà mọ́ Ọba Oguola àti Ọba Ewuare. Patrick Darling rin igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fojú díwọ̀n pé, bí a bá ka ti àwọn abúlé agbègbè mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ lè tó kìlómítà 16,000. Ẹdó ń pè é ní iya; àwa ń pe tiwa ní yàrà. Ẹ lọ wo Eredo Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ óò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. (A kò wá síhìn-ín láti jiyàn ta ló kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀.)

Ní 1897 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère idẹ Bìní lọ, iná sì jó ìlú. Yàrà ni wọn kò rí kó. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1961 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ìlú ni a ń fi ìdọ̀tí dí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yìí ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú létí yàrà. Ó ń sanwó fún àwọn ọlọ́mọlanke kí wọ́n máa da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, omi tí ń gba inú yàrà lọ kò rí ọ̀nà mọ́. Yàrá ìyàwó rẹ̀ ni ó gbà kọjá. Ògiri là. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ọmọ Ẹdó ni wọ́n gba àwọn ọmọ rẹ̀ sílé ní òru ọjọ́ náà. Ìyá àgbà kan nínú wọn kò bú u. Ó kàn bi í pé, ṣé kò rí yàrà náà ni? Ó rí i. Kòtò lásán ni ó pè é.

A fẹ́ kí Fágúnwà, Gaiman, àti ìwé Connah tí ó jáde ní 1975, The Archaeology of Benin, jókòó lórí pẹpẹ kan náà nínú yàrá ìkàwé wa. Ti Connah wọ́n. Ẹ dákun, ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń tọwọ́ bàpò. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ayẹyẹ yìí, a óò kó àwọn ọmọ lọ wo yàrà. Onílé wa kan tí ó mọ ọ̀nà ti gbà láti ṣáájú wa. Kí wọ́n wọ bàtà tí ó le, nítorí ejò. Ẹ̀dà Neverwhere kan ṣoṣo tí a ní wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá yá a, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.