Fóòmù Nínú Táyà Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú mi lónìí lè kéré lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀. A bi mí pé: ǹjẹ́ ó dára kí a yọ tíúbù kúrò nínú táyà kẹ̀kẹ́, kí a sì fi fóòmù tí a gé fúnra wa dí i, kí táyà má baà jò mọ́? N óò sọ èrò tèmi, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí ó bá mọ Apakun àti Òṣòdì mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Lẹ́bàá òpópó ọ̀nà tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, ìṣó kò wọ́n nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àfọ́kù ìgò, bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà tíntìntín tí ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá dáná sun ògbólógbòó táyà. Wáyà yìí burú ju ìṣó lọ, nítorí ojú kì í tètè rí i. Ọmọ ilé ìwé tí táyà rẹ̀ bá jò lè sọ̀kalẹ̀, kí ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò bá a lẹ ẹ́. Alábárò lè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò lè sọ̀kalẹ̀: ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, tí ó ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lóòótọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé irú kòkòrò àrùn yìí tí ń jà látayébáyé ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti bá jà ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàárín wa. Ní Jọ́ọ̀sì, Ayuba Gufwan, tí àrùn náà mú òun pàápàá ní kékeré, dá Beautiful Gate sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi irin ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Bí táyà ẹni bẹ́ẹ̀ bá jò lójú títì, àfi kí ó máa wo ojú àwọn tí ń kọjá. Òun ni kí a fi sọ́kàn bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe. Nígbà kan rí, rọ́bà gbagidi tí kò ní ihò nínú ni a fi ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ká. Robert William Thomson gba ìwé àṣẹ lórí táyà alátẹ́gùn ní 1845, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò tàn kálẹ̀. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop, ọmọ Sìkọ́tíláǹdì tí ń ṣe ìwòsàn ẹranko ní Belfast, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dán an wò lára. Orúkọ Dunlop yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe táyà ní Ìkejà ń jẹ́, kí iṣẹ́ táyà níbẹ̀ tó dáwọ́ dúró ní 2008.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni atẹ́gùn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà nínú táyà. Ó ń gbé ẹrù; ó ń dín gbígbọ̀n kù; ó sì ń ti etí táyà mọ́ ríìmù kí ó má yọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé.

Fóòmù tìmùtìmù kò lè ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ẹni tí ó sùn sórí tìmùtìmù na gbogbo ara lé e, síbẹ̀ ó rì. Bí ẹni náà bá gun kẹ̀kẹ́, ojú méjì péré ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ gbà kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Atẹ́gùn inú táyà kẹ̀kẹ́ àgbà a máa fi agbára pọ́n-ùn 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti ojú kan tí ó fẹ̀ ní íǹṣì kan níbùú lóròó. Fóòmù tìmùtìmù tí a tẹ̀ dé ìdajì kò lè fi pọ́n-ùn 5 tì í. Ihò inú rẹ̀ sì já sí ara wọn bí ti kànrìnkàn: bí a bá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn a sá jáde; bí òjò bá rọ̀, a fa omi mu.

Èyí tí ó sàn ni fóòmù líle tí àwọn oníbàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ sìlípáàsì. Ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, atẹ́gùn kò sì rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é, kí ó fi okùn wọn inú táyà yí ká. Kí ó gé fóòmù náà ní ọ̀já-ọ̀já, kí ó fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ wọ́n lé ara wọn títí wọn yóò fi nípọn díẹ̀ ju inú táyà lọ, kí ó sì gbẹ́ igun wọn kúrò kí ó lè rí roboto. Kí gígùn rẹ̀ fi ìwọ̀n àtàǹpàkò kan ju okùn lọ, kí orí àti ìdí rẹ̀ lè fún mọ́ ara wọn. Omi ọṣẹ ni yóò jẹ́ kí ó wọlé.

Nígbà tí ó bá wọlé tán, kí ẹnikẹ́ni má tíì gùn ún. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan tí yóò ti ara táyà dé ara ríìmù. Ẹ di ẹrù lé kẹ̀kẹ́, kí ẹ tì í ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kí ẹ sì yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ìlà ẹfun bá já sí méjì, táyà ń yọ̀ lórí ríìmù; ó lè bọ́ ní kọ̀rọ̀ kí ó sì gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ tún rántí pé oòrùn a máa sún irú fóòmù yìí kì, nítorí náà a ní láti máa tún un yẹ̀ wò. Kò sì yẹ fún eré sísá rárá.

Àwọn àgbà wa ní ibi tí ó bá wúwo, olóhun ni í gbé e. Fóòmù kì í mú ìyọnu kúrò. Ó ń ṣí i nípò ni. Ìyọnu táyà jíjò a máa dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyọnu fóòmù ń bẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé kẹ̀kẹ́ a wúwo láti yí. Fún bárò àti ọmọlanke tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo fara mọ́ ọn. Fún kẹ̀kẹ́ ọmọ ilé ìwé, n kò fara mọ́ ọn. Kí ó mú páǹpù àti ohun ìlẹ̀táyà dání. Ní ti ẹni tí ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́, apá rẹ̀ ni yóò máa san owó fóòmù náà. Kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà àárín: kí a gé etí ògbólógbòó táyà kẹ̀kẹ́ kúrò, kí a sì tẹ́ ìyókù sáàárín táyà àti tíúbù. Atẹ́gùn wà síbẹ̀, wáyà kò sì ní tètè dé ibi tí tíúbù wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, yí láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà: lẹ́ẹ̀kíní pẹ̀lú atẹ́gùn, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọ̀já àárín, lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú fóòmù. Ẹ wọn ibi tí ó dúró sí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé èsì rẹ̀ fún ẹni tí ó ni apá, kí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún wa. Àwa tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ni a ń sun táyà tí a sì ń da wáyà rẹ̀ sójú títì. Ó ha tọ́ kí ẹni tí kò lè rìn máa fi apá rẹ̀ san gbèsè náà bí? Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu yín.