Ẹ Pààrọ̀ Ọ́ìlì Kó Tó Di Ẹrẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wa tó ń gba fírídọ̀ọ̀mù lónìí ní Abúlé Mẹkáníìkì Apo, ẹ kú oríire.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹ sì mọ bí a ṣe ń tò ó padà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ kẹ́yìn kéré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: pípààrọ̀ ọ́ìlì.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ẹ ó máa fọwọ́ kàn ní Abuja, èyí tí mítà rẹ̀ ti kọjá 200,000 kìlómítà. Ríǹgì inú rẹ̀ ti jẹ. Èéfín, omi àti bẹntiróòlù tí kò jó tán ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì bọ́ sínú ọ́ìlì. Kẹ́míkà afọ̀dọ̀tí inú ọ́ìlì ló ń di ìdọ̀tí yìí mú kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Nítorí náà, bí ẹ bá fa gééjì yọ tí ọ́ìlì dúdú, ẹ má tètè pè é ní ayédèrú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lópin. Bí a bá fi í sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìdọ̀tí á di ẹrẹ̀ sábẹ́ ìdérí fáàfù, á dí asẹ́ inú sọ́ǹpù, ọ́ìlì ò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Fífi ọ́ìlì kún un kì í ṣe pípààrọ̀ o.

Ẹ má gbójú lé mítà nìkan. Ẹni tó ń ti Mararaba bọ̀ láàárọ̀, tó gba Nyanya wọ ìgboro, mọ ohun tí mò ń wí. Nínú gósílóò yẹn, mítà ò yí, ẹ́ńjìnnì sì ń jó epo nínú ooru. 5,000 kìlómítà tí a máa ń kà kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì ti pọ̀ jù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bi oníbàárà ní ọ̀nà tó ń gbà.

Ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀ ńkọ́? Ibí ló ká mi lára jù. Àwọn kan á da dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì sí i kó lè mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrẹ̀ tó bá ṣí wìì yẹn gan-an ló ń lọ dí asẹ́. Aṣọ tí ìdọ̀tí ti wọ̀ lára, rírẹ là ń rẹ ẹ́. Ẹ da ọ́ìlì tó dára sí i, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ tún tètè yọ ọ́; ẹ ṣe é léraléra, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kó ẹrẹ̀ náà jáde. Ẹ sọ fún oníbàárà pé yóò náwó, kí ẹ sì fi fílítà àtijọ́ hàn án. Ẹni tó nu fílítà àtijọ́ dá padà, tó gba owó tuntun, olè ni.

Ẹ ka lẹ́tà API, èyí tó ń sọ ìpele ọ́ìlì, lára gálọ́ọ̀nù kí ẹ tó rà á. SA kò ní kẹ́míkà afọ̀dọ̀tí rárá, kò sì yẹ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 1930. SN tàbí SP ni kí ẹ máa wò.

Kọndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ tí ẹ bá yọ, inú dúrọ́ọ̀mù ni kó lọ, kì í ṣe gọ́tà. Òjò á gbé e wọ odò.

Ọlọ́run á fi oníbàárà rere pàdé yín. Ó yá, ẹ máa bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ wá gba ìwé yín.