Orin Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó Jìnnà sí Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n omijé wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1919, ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan, tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Wincham Hall ní Cheshire ni ó lọ, orin sì wà lára ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ kí ó tó padà wálé ní 1922. Lẹ́tà nìkan ni okùn tí ó so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé nígbà náà. Lónìí, ọmọ wa tí ó wà ní London ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, síbẹ̀ àárò ń sọ ọ́, nítorí fóònù kò lè bá a jókòó nídìí oúnjẹ.

Ẹ kíyè sí bí ìdánìkanwà àti àìgbédè ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rù pé a ó fi Gẹ̀ẹ́sì òun rẹ́rìn-ín a dákẹ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́ kì í ní ọ̀rẹ́. Ẹni tí kò sì ní ọ̀rẹ́, ta ni yóò bá sọ Gẹ̀ẹ́sì? Orin ni ó lè já ìdè yìí. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, ohùn rẹ wà láàárín ohùn ẹlòmíràn, bí o bá sì ṣì í, ẹ ó jọ tún un kọ ni.

Ó tún ṣe ohun mìíràn. Ní èdè wa, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: apá kan nínú ọ̀rọ̀ a wúwo, ìyókù a sì fúyẹ́. Nínú “photograph”, apá kìíní ni ó wúwo; nínú “photography”, apá kejì ni. Ọmọ tí a bá fi ìlù kọ́ ní orin Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ èyí kí olùkọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni ìlù sábà máa ń bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n kí a má gba orin ilé lẹ́nu ọmọ nítorí ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn bàbá wa jìyà èyí nínú ìjọ, nígbà tí a fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ọkọ̀ ojú omi sì lè di ọkọ́ tí a fi ń roko. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1930, ni ó wà lára àwọn tí ó fi ohùn ilẹ̀ wa kọrin ìyìn. Ní 1922 kan náà ni a gba orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, a ṣòfin pé ẹni tí ó bá sọ Yorùbá yóò gé koríko. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ọmọkùnrin kékeré kan rọra ń kọ orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ àbúrò rẹ̀ lẹ́kún, lábẹ́ aṣọ ìbora. A mú un gé koríko. Kò kọrin mọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ju “yes” àti “no” lọ títí sáà fi parí. A rò pé a ń kọ́ ọ ní èdè. Ẹnu ni a dì fún un.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Ó ti rí òṣì àti àìlẹ́nìkan ní London kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá WASU sílẹ̀ ní 1925. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, kí wọ́n lè rí ibi sùn, kí wọ́n sì jọ jẹun bí ẹni tí ó wà nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orin Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ará Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu, kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orin kan láti ilé tirẹ̀, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ jù wọ́n lọ ni yóò máa sọ. Wọn yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì ní láti dáhùn.