Ọjà Ni Ìdánwò Àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ Fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Tí Ó Fẹ́ Lọ Kọ́ni Ní Jàpáànù

   

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí olùkọ́ àjèjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayé ní ilẹ̀ Jàpáànù, nítorí pé mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, àti nítorí pé àwọn kan nínú yín ń múra àtilọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí ìtàn ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ọfà. Ọjà ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn kí ó tó yẹ̀. Ikùn rẹ̀ ni ó gbà yẹ̀. Yóò jẹ èyí lónìí, yóò ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Yóò mu ìyẹn lọ́la, yóò ní túláàsì ni. Kí ọdún ó tó yí po, ìrun pàápàá ti di ohun tí kò rí àyè fún. Lóòótọ́, Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 173, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ebi bá ká mọ́ ibi tí kò ti rí hàláálì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé yín pé ní Jàpáànù, àìkọ́ ni ó máa ń pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní túláàsì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láti ọdún 2012 ni ìjọba wọn ti ń fún àjèjì tí ó fẹ́ gbé ibẹ̀ pẹ́ ní káàdì ìgbélùú. Bí ẹ bá ti rí ilé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdúgbò yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí ọjọ́ 14 ó tó pé. Onílé lè gba owó ìdúró tí wọ́n ń pè ní shikikin, èyí tí yóò yọ owó àtúnṣe kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó dá ìyókù padà. Ó tún lè gba reikin, owó ìdúpẹ́ tí kì í padà mọ́. Wọ́n sì máa ń béèrè onídùúró. Nítorí náà, ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá bá wá ilé, kí ó mú owó dání ju ti oṣù kan lọ dáadáa. Onílé mìíràn yóò sọ pé òun kò gba àjèjì. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n onílé mìíràn gbà mí, ilé rẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi kúrò ní ìlú náà.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ó fẹ́ wọ mọ́sálásí. Èyí kò ṣòro fún wa. Gábàsì ni ẹ máa kíyè sí. Níhìn-ín, ìlà-oòrùn ni a ń kọjú sí bí a bá ń kírun, débi pé ìlà-oòrùn àti gábàsì ti di ọ̀kan lẹ́nu wa. Ní Jàpáànù, ìwọ̀-oòrùn ni Mọ́kà wà, ó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Ẹni tí ó bá gbé àṣà ilé lọ láìbéèrè, Mọ́kà ni yóò kẹ́yìn sí.

Wàyí o, ọjà. Kò sí ìdúnàádúrà nínú àwọn ilé ìtajà wọn. Owó orí wà lórí ọjà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ìjọba gbé e dé ìdá 10 nínú 100, tí wọ́n sì fi ti oúnjẹ sílẹ̀ ní ìdá 8, ṣùgbọ́n wọn kò ka ọtí mọ́ oúnjẹ. Olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ra abọ́, ọ̀bẹ àti garawa ní ilé ìtajà tí púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n a máa lẹ ìwé ẹ̀dínwó mọ́ ẹja àti oúnjẹ tútù. Ẹ ó rí gbòǹgbò funfun gbọọrọ kan tí ojú yín yóò fi pè ní iṣu: daikon ni, kò bá iṣu tan. Nagaimo ni ó jẹ́ ẹbí iṣu, ṣùgbọ́n tútù ni wọ́n sábà máa ń rin ín jẹ, ó sì ń yọ̀ bí ilá.

Inú ohun tí wọ́n dì sínú ọ̀rá àti páálí ni ewu wà. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní katakana ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti òkèèrè, 46 sì ni lẹ́tà ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò ka "rādo", ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Yóò ka "zerachin", èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti eegun ẹran. Yóò ka "bēkon" àti "hamu". Lẹ́yìn náà kí ó há àmì bíi mélòó kan sórí nínú kanji, pàápàá ti buta, ẹlẹ́dẹ̀, àti ti sake, ọtí. Mirin, omi dídùn tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀, ọtí ni: ó tó ìdá 14 nínú 100 nínú ojúlówó rẹ̀. Ẹ sì má ṣe gbára lé àtẹ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ fún àwọn tí oúnjẹ kan ń bá jà. Òfin sọ ẹyin, wàrà, àlìkámà àti ẹ̀pà di dandan láti kọ síbẹ̀. Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìyànjú lásán ni wọ́n gba àwọn olùṣe oúnjẹ. Bí ẹ kò bá rí i nínú àtẹ náà, ẹ ṣì ní láti ka ìyókù. Ọmọ kékeré tí ó jókòó sí ilé-kéú mọ lẹ́tà Lárúbáwá 28 lórí wàláà. Kí ni àgbàlagbà tí ó gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì yóò wí tí 46 yóò fi pọ̀ jù fún un?

Ní ti ẹran, Súúrà Al-Maidah, ẹsẹ 5, ṣe oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹ̀sìn Búdà àti Ṣíńtò ni ó gbilẹ̀ ní Jàpáànù, nítorí náà adìyẹ àti màlúù tí wọ́n ń tà káàkiri kò bọ́ sí abẹ́ àyè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹran hàláálì wà. Ní Tokyo, àwọn Mùsùlùmí ń tà á ní àdúgbò Shin-Okubo. Àwọn ilé ìtajà mìíràn ń ta adìyẹ oníyìnyín láti ilẹ̀ Bùràsíìlì tí àmì hàláálì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìgbèríko lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun nínú ọkọ̀ tí ń kó ẹrù tútù. Ẹ wá àwọn ará ní mọ́sálásí. Ti Kobe ti wà láti ọdún 1935, ogun 1945 àti ilẹ̀ ríri 1995 kò wó o. Ti Tokyo wà láti ọdún 1938. Wọ́n wó o ní ọdún 1986, wọ́n sì ṣí tuntun ní ọdún 2000. Kí ẹran tó dé, ẹja wà, ẹyin wà, ìrẹsì wà, tofu wà, tí í ṣe wàrà sóyà. Ebi kò pa mí níbẹ̀ rí.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú kíláàsì ni àwọn ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán, olùkọ́ a sì máa bá wọn jẹ. Wọ́n máa ń tẹ ìwé oúnjẹ oṣù kan jáde ṣáájú. Mo mú ìwé yìí tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé, mo sì ń gbé oúnjẹ tèmi lọ. Àwọn ọmọ bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni ó fún mi ní àyè láti dárúkọ Islāmu níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dárúkọ rẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá dákẹ́ tí ó sì ń fi ọgbọ́n ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìríra oúnjẹ wọn ni wọn yóò rò pé ó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ hàláálì kò parí sí inú ìkòkò. Ní ẹ̀bá oko, àwọn àgbẹ̀ wọn a máa gbé ẹ̀fọ́ àti ọsàn sórí àtẹ, wọn a gbé àpótí owó tì í, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá mú ọjà yóò sọ owó sínú àpótí. Èmi kò wí pé olè kò sí níbẹ̀: agboòrùn a máa sọnù lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ń jí kẹ̀kẹ́ sì wà, ìdí tí òfin fi ní kí ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ yẹn a máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa tí à ń ka Súúrà Al-Mutaffifin, tí a mọ ìkìlọ̀ tí ó ṣe fún oníwọ̀n èké, ǹjẹ́ a lè gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí wa ní ọjọ́ Jímọ̀? Kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ilẹ̀ dídà náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ fún èyí tí iná ń jó, ọjọ́ fún ike, ọjọ́ fún ìgò àti agolo. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ètò tirẹ̀. Èyí tí ó bá ṣì ọjọ́, wọn yóò lẹ ìwé mọ́ ọn, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo àdúgbò rí i. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nínú ẹ̀sìn wa. Àwọn aládùúgbò yín lè má gbọ́ wáàsí kankan láti ẹnu yín, ṣùgbọ́n wọn yóò rí àpò ilẹ̀ yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lẹ́tà 46 yẹn láti òní, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè iye tí ọmọ yín ń gbà lóṣù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti ń ra ẹran. Kí Ọlọ́hun fi hàláálì Rẹ̀ tó wa, kí a má baà bá ojú wo hàráámù. Kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdálẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí ìwà wọn bu ọlá fún ẹ̀sìn Rẹ̀. Àmín.