Ìlù Kì í Fi Ogún Sọ̀rọ̀



Ní ibi àjọ̀dún kan tí a wà ní àìpẹ́ yìí, onílù kan dojú kọ àlejò pàtàkì, ó sì fi oríkì orílẹ̀ ẹlòmíràn kí i. Àwọn èwe ń jó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó gbọ́ èdè ìlù wolẹ̀, wọn kò lè gbójú sókè. Nígbà tí a bi onílù náà léèrè, ó ní, "Ọmọ Àyàn ni mí, inú ìlù ni a bí mi sí." Ìdáhùn yìí ni ó mú wa dìde sọ̀rọ̀ lónìí.

Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ ìlù. Orúkọ bí Àyándélé àti Àyánkúnlé jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè jogún ìlù baba rẹ̀, kò lè jogún ọwọ́ baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìyáàlù dùndún ń tẹ̀lé ohùn mẹ́ta èdè wa: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, ọwọ́ kejì ń fún ọ̀ṣán. Bí ó bá fún un, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì í fún díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò sì tán síbẹ̀: owó, ilé, ọtí àti ọkọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn lójú awọ. Kí olùgbọ́ tó mọ èyí tí ìlù ń wí, onílù ní láti fi òwe tàbí oríkì tí ará ìlú mọ̀ yí ọ̀rọ̀ náà ká. Nítorí náà, onílù tí kò bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, ariwo ni ìlù rẹ̀ yóò máa pa.

Àwọn baba wa mọ èyí. Gúdúgúdú tàbí ìlù kékeré mìíràn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí etí rẹ̀ lè là. Ó di ọdún púpọ̀ kí ó tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Ní Kúbà pàápàá, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé ìlù bàtá dé, okónkolo tí ó kéré jù ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ itótele, kí ó tó kan iyá.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó ń kọ́ṣẹ́. Olóògbé Fela Sowande, tí a bí ní 1905, ti ń fi orin jẹun ní Lọ́ńdọ́nù, síbẹ̀ ó jókòó ti dùùrù bí ọmọ ilé-ìwé, títí ó fi gba oyè gíga ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù níbẹ̀ ní 1943. Ní ọdún kejì ni ó kọ African Suite.

Àwọn kan yóò wí pé àtijẹ kò jẹ́ kí onílù ráyè. Díẹ̀ díẹ̀ ni ẹyẹ fi ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju odindi ọjọ́ kan lóṣù lọ.

Ṣùgbọ́n àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Owó ni à ń lẹ̀ mọ́ onílù níwájú nítorí ariwo, a kì í sì í pè é sí kọ̀rọ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà. A bẹ̀ yín, ẹ̀yin Olóyè, kí olúkúlùkù yín yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí onílù yóò wá sí ilé rẹ̀, kí àwọn arúgbó ilé kọ́ ọ ní oríkì wọn, kí ó fi ìlù sọ ọ́ padà, kí wọ́n sì tún un ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹni tí yóò wí fún un pé ó ṣìṣe ni kò ní. Bí a bá dákẹ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìlù yóò kí ọba wa ní ìkí ẹlòmíràn, tí kò sì ní í sí ẹnìkan láàrin wa tí yóò mọ̀.