Iṣẹ́ Wo Lò Ń Ṣe?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọjà Trade Fair yìí, mo dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Ọmọbìnrin kan ń dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ike kéékèèké. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní fèrèsé. Bí tínà bá ta sí i lọ́wọ́, a fi yẹ̀rì rẹ̀ nù ún. Mo ní ṣé òórùn yìí kì í dà á láàmú. Ó ní, “Mọ̀mí, ó ti mọ́ mi lára.”

Imú rẹ̀ ló mọ́ lára. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń fà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e kiri.

Ẹ wo ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí: ní ọdún 1995, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to ẹ̀yà ara ẹ̀rọ iná ní Kòríà, nǹkan oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n. Àwọn dókítà yẹ obìnrin 25 wò: ilé ẹyin àwọn 16 ti dẹ́kun iṣẹ́. Omi tí wọ́n fi ń fọ àwọn ẹ̀yà náà, 2-bromopropane, ló fà á. Ohun tó dùn mí jù ni pé ṣe ni wọ́n mú un wọlé láti fi rọ́pò èyí tó ń ba òfúrufú jẹ́. Wọ́n ro ti òfúrufú. Wọn kò ro ti obìnrin tó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mi ò ní kẹ́míkà yẹn ló wà nínú tínà wa o. Toluene ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìwádìí láti Finland sì ti so òun náà mọ́ oyún tó ń bàjẹ́. Ọkùnrin pàápàá kò bọ́: ní 1977, ọdún tí wọ́n ṣí Trade Fair yìí gan-an, ni wọ́n rí i ní California pé àtọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po DBCP, oògùn apakòkòrò, kò lè di ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ara ọkùnrin a máa ṣe àtọ̀ tuntun. Ẹyin obìnrin, inú ìyá rẹ̀ ló ti kó o wá.

Síbẹ̀, bí ọmọ bá pẹ́, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n á ní obìnrin náà ti ṣẹ́yún rí. Wọ́n á gbé e gun orí òkè, wọ́n á po àgbo fún un. Lóòótọ́, àrùn tí a kò tètè wò wà lára ohun tó ń dí ọ̀nà ọmọ jù nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1700 ni Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti ní kí dókítà máa bi aláìsàn pé: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ẹ̀yin dókítà Festac àti Àmùwò, mo bẹ̀ yín, ẹ bi í.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọjà, ẹ gbé tínà dídà síta, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ tí tínà kò lè wọ̀. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń wá a, ẹ gbé e sídìí ìwé owó. Ẹ má lé e, ẹ má sì dín owó rẹ̀ kù.

Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn kò tíì pé ogún ọdún.