Kànga Tó Gbẹ: Ká Tó Pe Èèyàn Lólè

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá wa. Admin yín ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo voice note yín lórí kànga-dẹ̀rọ tí a dáwó fún tí kò lómi. Àwọn kan ní olè ni ọkùnrin tó wá fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ̀rọ yẹn kì í rí omi. Iná díẹ̀ ló ń rán sínú ilẹ̀, á wá wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Àpáta gbígbẹ máa ń dènà iná gan-an. Àpáta tó ti sán, tómi wà nínú ẹ̀, kì í dènà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà kì í dènà iná púpọ̀, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kì í tú omi sílẹ̀ fún kànga. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ méjì! Ẹni tó ń túmọ̀ ẹ̀ ló ń ya àwòrán ohun tó rò pé ó wà nísàlẹ̀. Àwòrán yẹn làwọn onímọ̀ ń pè ní model. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń fọwọ́ gbá kankana ká tó rà á? Ìró la gbọ́. Pé ó pọ́n, a rò ó ni.

Àwọn ọ̀gá pàápàá ń ṣì í. Ní Kola, ní Rọ́ṣíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò kan ní 1970. Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti jìn tó mítà 12,262. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n ti mi ilẹ̀ láti òkè, wọ́n sì rí i pé ìmìtìtì náà ń yára sí i ní nǹkan bíi kìlómítà 7 nísàlẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà ní ibẹ̀ ni granite parí sí, tí basalt bẹ̀rẹ̀. Wọ́n débẹ̀, wọn ò rí basalt yẹn, àpáta tó sán ni wọ́n bá, omi wà nínú ẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ooru tí wọ́n rò pé á jẹ́ nǹkan bí 100, 180 ni wọ́n bá. Ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n kì í ṣe irọ́. Àwòrán tí wọ́n yà lé e lórí ló yẹ̀, wọ́n sì ní láti ya òmíràn.

Owó ti lọ, ó dun èmi náà, mo dá tèmi. Ṣùgbọ́n a bi ọkùnrin yẹn pé, "Ṣé omi wà?" A ò bi í pé, "Kí ni nọ́ńbà yìí tún lè jẹ́?" Lọ́jọ́ mìíràn, ká bèèrè. Ká lọ wo kànga àwọn aládùúgbò, ká mọ ibi tí wọ́n ti kan omi. Ká sì fẹnu kò lórí ẹni tó máa ru àdánù kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun.

Ní ìpàdé Sunday, a máa pè é, ká gbọ́ tẹnu ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọlọ́run á bù sí òwò wa o.